Bí Kánsù Ṣe Fi Sàmáńsì Sọ Wá Di Aládùúgbò

Ẹ fi irọ́ yẹn sílẹ̀, ẹ̀yin ọmọ mi. Mo máa ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò: wọ́n á ní láyé àtijọ́, ìfẹ́ ló kún àárín aládùúgbò, pé kò sí ẹni tó ń ti ilẹ̀kùn, pé ọmọ ẹnìkan ni ọmọ gbogbo ayé. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ ní agboolé. N kò bá agboolé jiyàn. Ṣùgbọ́n ní Bódìjà tí èmi kó dé lẹ́yìn òmìnira, nígbà tí ọ̀dà ṣì ń rùn lára ògiri, ìfẹ́ kankan kò sí níbẹ̀. Ọgbà ewéko ló wà láàárín ilé sí ilé, wọ́n sì gé e gún régé. Ẹni tó ń gbé lápá ọ̀tún mi, mo mọ ikọ́ rẹ̀ dáadáa, àràárọ̀ ni mò ń gbọ́ ọ. Orúkọ rẹ̀ ni n kò mọ̀.

Kánsù ló fi wá mọ ara wa. Mo tún un wí: kánsù. Kánsù kan náà ló sì fẹ́ tú wa ká. Ẹni tó bá máa sọ ìtàn yìí, kó sọ méjèèjì. Inú ṣì ń bí mi títí di òní, n kò sì ní tọrọ gáfárà lórí rẹ̀. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú ènìyàn tí a jẹ́. Oníṣẹ́ ìwé ni ọ̀pọ̀ wa: olùkọ́, akọ̀wé ìjọba, nọ́ọ̀sì, àlùfáà ìjọ. Ìlú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ la ti wá. Èmi ṣẹ̀ṣẹ̀ gboyè jáde ní Yunifásítì ni, mò ń kọ́ni ní ilé-ìwé girama kan ní Òkè-Àdó, mo sì rò pé ẹni tó kàwé tó mi kò nílò kí ẹnikẹ́ni wá yọjú sí òun. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, asọ̀rọ̀mágbèsì ni ẹ óò kọ́kọ́ gbọ́, àpótí kékeré tí wọ́n fi wáyà so mọ́ ògiri, tó ń ka ìròyìn kan náà ní gbogbo ilé lẹ́ẹ̀kan náà. Lẹ́yìn ìyẹn, ilẹ̀kùn mọ́tò á máa dún, gbà, gbà, gbà, oníkálukú á ti forí lé ọ́fíìsì. Ìròyìn kan náà là ń gbọ́, a kì í kí ara wa.

Ilẹ̀ kan wà ní ìsàlẹ̀ òpópónà wa, níbi tí Bódìjà ti fẹ́ kan Agbowó. Igbó ni. Kò sí ilé tí kì í da ilẹ̀ síbẹ̀, kò sì sí ilé tó jẹ́ gbà pé òun da ilẹ̀ síbẹ̀. Ejò ń ti ibẹ̀ jáde. Ẹ̀fọn ibẹ̀ kì í jẹ́ kí ọmọ ọwọ́ sùn. Wolé-wolé tí kánsù yàn sí wa jẹ́ ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tí kò fi bẹ́ẹ̀ jù mí lọ. Bó bá dé ilé yín, inú omi ló máa kọ́kọ́ wò. Á ṣí àmù, á ṣí àgbá, á wo abẹ́ ìkòkò òdòdó, bóyá á rí àwọn kòkòrò wíníwíní tó ń di ẹ̀fọn. Tanwíjí là ń pe kòkòrò náà, ìdí nìyẹn tí a fi sọ òun náà ní Bàbá Tanwíjí. Ó mọ̀ pé a sọ òun bẹ́ẹ̀. Ó ń jẹ́ ẹ.

Ọ̀rọ̀ igbó yìí sú Bàbá Tanwíjí. Ó fún gbogbo ilé òpópónà wa ní sàmáńsì lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Bí a ṣe dé ọ́fíìsì kánsù nìyẹn, tí a jókòó sórí bẹ́ǹṣì gígùn kan, nínú kóòtù àti táì, bí àwọn tó jí adìẹ gbé. Kánsẹ́lọ̀ àgbàlagbà kan ló jókòó níwájú wa.

"Ta ló ni igbó ìsàlẹ̀ òpópónà yín?"

"Kì í ṣe tèmi, sà."

"Kì í ṣe tèmi."

Ó kan ọkùnrin onírùngbọ̀n kan, ọmọ Ọ̀yọ́ tó ní ọkọ̀ akẹ́rù, tó ń ná Òjóò sí Ọ̀yọ́. Ó dìde, ó na ìka sí Bàbá Tanwíjí. "Kánsẹ́lọ̀, ẹ bá mi bi wolé-wolé yín. Ṣé ejò náà ló sọ fún un pé èmi ni bàbá òun?"

Ẹ̀rín bú jáde. Ikọ́ bá ọkùnrin náà níbi tó ti ń rẹ́rìn-ín, mo sì mọ ikọ́ yẹn! Mo yíjú sí i. "Ṣé ẹ̀yin lẹ̀ ń gbé lápá ọ̀tún mi ni?" Ó ní, "Ṣé ìwọ lò ń ka ìwé sókè lóru bí ẹni ń bá àǹjọ̀nú jà?" Orí bẹ́ǹṣì ẹlẹ́ṣẹ̀ ni èmi àti Bàbá Mùíbà ti di ọ̀rẹ́.

Kánsẹ́lọ̀ jẹ́ kí ẹ̀rín wa tán. Wọ́n ní ilẹ̀ náà ní ẹni tó ni ín o: ìdílé kan ní Agbowó ni, àwọn ló fi sílẹ̀ fún kánsù pé kí gbogbo ènìyàn máa lò ó. "Ẹ ò ní san ìtanràn. Ẹ óò ro ó. Kánsù á fún yín ní ọkọ́ àti àdá, á fa ẹ̀rọ omi kan síbẹ̀. Ẹ gbin ohun tí ẹ óò jẹ. Ṣùgbọ́n ohun tí kì í pẹ́ nílẹ̀ ni kí ẹ gbin, kì í ṣe igi, torí kì í ṣe ilẹ̀ yín."

Ẹ gbọ́ mi dáadáa: kánsù ṣe é. Wọ́n fa omi. Wọ́n kó ọkọ́ wá. Lónìí, ẹ wo ìgboro yìí, láti Dùgbẹ̀ dé Challenge, ẹ wá fi ilẹ̀ kan hàn mí tí kánsù dá sí kí aládùúgbò lè jókòó papọ̀. Bí ilẹ̀ bá ṣẹ́kù bí ẹní, wọ́n á fi ṣọ́ọ̀bù dí i. Ẹ̀yin náà mọ ògiri tó ga ju ilé lọ, ẹ fi ẹ̀gún irin sórí rẹ̀, ẹ wá ń béèrè ìdí tí ẹ kò fi mọ ara yín.

Ààrò la fi ń ṣiṣẹ́ náà. Ẹ máà pè é ní iṣẹ́ alágbàṣe. Nínú ààrò, bí a bá kọ ebè fún mi lónìí, gbèsè òógùn ni mo jẹ, mo sì gbọ́dọ̀ fi òógùn san án ní Sátidé tí a bá ń kọ tìrẹ. Kò sí ẹni tó lè rán ọmọ ọ̀dọ̀ wá. Àlùfáà yọ kọ́là, ó ká sòkòtò. Akọ̀wé àgbà kan láti Sẹkitéríàtì gbin àlùbọ́sà lórí kodò, ó sì fi ìbínú jà fún un pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n yàwòrán rẹ̀ sínú ìwé. Ìró ọkọ́ ni ẹ óò máa gbọ́ láti òwúrọ̀, kì, kì, kì, bó bá sì kan òkúta, gbogbo wa á pariwo pé, "Ó ti rí wúrà!" Nígbà tí Iléyá kù sí dẹ̀dẹ̀, àgbò Bàbá Mùíbà já okùn, ó wọ inú tẹ̀tẹ̀ wa, ó jẹ ẹ́ mọ́lẹ̀ pátápátá. Lọ́jọ́ ọdún, ó gbé ẹran dé ilé gbogbo wa, Kírísítẹ́nì àti Mùsùlùmí. "Ẹ má dúpẹ́ o," ló ń wí. "Ẹ̀fọ́ yín náà ni. Ó kàn ti di ẹran ni."

Ẹni tí ọgbà náà ṣe lóore jù lọ ni Ìyá Rẹ́mọ. Ìyá akọ̀wé alálùbọ́sà yẹn ni wọ́n. Ọkọ wọn ló kú ní Rẹ́mọ lọ́hùn-ún tí ọmọ wọn fi lọ mú wọn wá sí Bódìjà, ó fún wọn ní yàrá tó dára, ó ra bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n ń bẹ̀rù pé àwọn á já bọ́ lórí rẹ̀. Láti àárọ̀ títí di ìgbà tí ọmọ bá dé láti ọ́fíìsì, wọn kì í rí ẹni bá sọ̀rọ̀. Wọ́n ti sọ fún un pé kó dá àwọn padà sílé. "Jẹ́ kí n lọ kú síbi tí wọ́n á ti mọ̀ pé mo kú." Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ nìyẹn, ọmọ wọn ló fi omijé sọ ọ́ fún mi.

Ọgbà yìí ló dá wọn dúró. Ewùrà ni wọ́n gbin. Bó bá ti di Sátidé, wọ́n á gbé ìkòkò ìkọ́kọrẹ́ wá sábẹ́ igi, wọ́n á sì jókòó ti gbogbo wa lọ́rùn. "Olùkọ́, ṣé ebè lò ń kọ ni àbí ò ń fá irun fún ilẹ̀?" Èmi nìyẹn. Wọ́n mọ ọmọ tí eyín ń yọ, wọ́n mọ obìnrin tí ọkọ rẹ̀ kò sùn sílé. Wọ́n sanra. Ọmọ wọn sì sọ ọ́ gbangba fún wa: ọjọ́ tí ọgbà yìí bá parẹ́, ọjọ́ náà ni òun á gbé ìyá òun padà lọ sínú ilé òfìfo, torí òun kò lè jókòó kí òun máa wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń kú díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn fèrèsé.

Ibi tí a ti ṣe àṣìṣe nìyí. Lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀rùn kan, a kò mọ ibi tí ebè ẹnìkan parí sí mọ́, àríyànjiyàn bẹ̀rẹ̀. Bàbá Mùíbà bá fi ọkọ̀ rẹ̀ kó igi kan wá, gígùn rẹ̀ tó apá, a gún un mọ́lẹ̀ láàárín ebè ẹnìkan àti ebè ẹnìkejì. Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀. Igi rúwé. A pàtẹ́wọ́ sí i! Obìnrin nọ́ọ̀sì kan tilẹ̀ ní ó bá ilẹ̀ náà mu.

Pèrègún ni. Gbogbo wa ọmọ àgbẹ̀, gbogbo wa ló bá pèrègún lóko bàbá wa, kò sì sí ẹni tó fi ojú oko wò ó. Kí ìwé ilẹ̀ tó dé, pèrègún ni ẹlẹ́rìí. Òun ni wọ́n ń gbìn sí ààlà, torí kì í bọ̀rọ̀ kú. Bí ẹjọ́ ilẹ̀ bá délé ọba, "ta ló gbin pèrègún ibẹ̀?" ni wọ́n á bi yín. Ẹni tí a yá nílẹ̀ kì í gbìn ín. Bó bá gbìn ín, ohun tó ń wí ni pé ilẹ̀ ti di tòun. Wọ́n ní àlejò lójú, kò fi ríran. Àwa lójú, a tún wọ awò lé e.

Àárọ̀ ọjọ́ kan, Mọ́gàjí ìdílé tó ni ilẹ̀ náà gba ibẹ̀ kọjá. Wọ́n dúró. Wọ́n wò ó títí. Wọ́n wá kí wa: "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin onílẹ̀!"

Àwa kò fura. A fi ẹ̀rín dáhùn. "A dúpẹ́ o, bàbá."

"Ẹ máa dúpẹ́," ni wọ́n wí, wọ́n sì mú ọ̀nà kánsù pọ̀n.

Níbi yìí, ẹ jẹ́ kí n to ẹ̀sùn mi dáadáa, torí ẹni tó ń bínú gbọ́dọ̀ mọ ohun tó ń bínú sí gan-an. Kánsẹ́lọ̀ àgbà tó fún wa ní ilẹ̀ ti kúrò lórí àga. Akọ̀wé kánsù tuntun ló ń pàṣẹ, ọmọkùnrin tí aṣọ rẹ̀ kì í rún. Mọ́gàjí bá a, wọ́n ní kí ó sọ fún wa kí a hú pèrègún kúrò nílẹ̀ àwọn. Ohun tí wọ́n sọ kò ju ìyẹn lọ. Akọ̀wé kò sọ ọ́ fún wa bẹ́ẹ̀. Ó lẹ ìwé mọ́ igi pé onílẹ̀ ti gba ilẹ̀ rẹ̀, kí a kó ohun ọ̀gbìn wa kúrò kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Kò pè wá. Kò bi wá léèrè ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ó sì tún sọ fún Mọ́gàjí pé àwa la kọ̀ láti hú pèrègún, pé a ní ilẹ̀ ti di tiwa. Ó purọ́ fún wa, ó purọ́ mọ́ wa. Ọjọ́ kejì ni Bàbá Tanwíjí wá bá mi, ojú rẹ̀ kọ́rẹ́ lọ́wọ́.

"Olùkọ́, wọn kò gba ilẹ̀ padà fún onílẹ̀ kankan o. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ọ̀rẹ́ akọ̀wé ni wọ́n fẹ́ kọ́ síbẹ̀. Mo rí àwòrán rẹ̀ lórí tábìlì."

"Iṣẹ́ rẹ ńkọ́, bí wọ́n bá mọ̀ pé ìwọ lo sọ fún wa?"

"Ta ló fi tanwíjí joyè?" ló fi dá mi lóhùn, ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ.

Mo fẹ́ fi òyìnbó gíga kọ̀wé ẹ̀hónú. Ìyá Rẹ́mọ gba kálámù lọ́wọ́ mi. Wọ́n ní, "Ọ̀rọ̀ tútù ní í yọ obì lápò. Ta ni a ṣẹ̀?" A ní Mọ́gàjí ni: ìkíni 'ẹ̀yin onílẹ̀' yẹn àti pèrègún wa ti wá yé wa wàyí. "Ṣé ìwé lẹ fi ń bẹ àgbà nílùú tiyín?" Báyìí ni wọ́n ṣe kó wa lẹ́yìn dé Agbowó. Ìyá Rẹ́mọ kúnlẹ̀, àwa ọkùnrin dọ̀bálẹ̀ sí iwájú ilé.

"Mọ́gàjí, àwọn ọmọ wọ̀nyí kàwé, wọn kò mọ igi. Ẹ foríjì wọ́n. A ó hú pèrègún. Ṣùgbọ́n ẹ má gba ilẹ̀."

Mọ́gàjí ya ẹnu. "Ta ló gba ilẹ̀? Mo ní ẹ hú igi, wọ́n ní ẹ ní ẹ ò hú u."

"Àwa kẹ̀? Ta ló bá wa sọ ọ̀rọ̀ igi?" Ìyá Rẹ́mọ wá sọ ọ̀rọ̀ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì fún un.

 Ohùn Mọ́gàjí le. "Bàbá mi fi ilẹ̀ sílẹ̀ fún gbogbo ayé, ẹnìkan ṣoṣo wá fẹ́ kọ́lé lé e? Ní Ìbàdàn yìí? Ẹ dìde ńlẹ̀. Ẹ dìde, jàre."

"A ò tíì dìde," ni Ìyá Rẹ́mọ wí. "Ọ̀rọ̀ kù. Ẹ̀yin tí ẹ ni ilẹ̀, ẹ kò ní ebè kankan níbẹ̀. Kò dára. Ẹ wá gba tiyín, kí àwọn ìyàwó yín wá jẹ ìkọ́kọrẹ́."

Mọ́gàjí wò wọ́n, wọ́n rẹ́rìn-ín. "Rẹ́mọ! Ẹ wá bẹ̀ mí nílẹ̀ mi, ẹ tún ń fún mi nílẹ̀ mi." Wọ́n gbà. Àṣẹ tí wọ́n pa ni pé kí a hú pèrègún láàárín ebè, kí àwa àtàwọn sì jọ gbìn ín yí gbogbo ilẹ̀ ká, kí ẹni tó bá rí i mọ ẹni tó ni ín.

A kò tíì gbìn ín tán tí katakata fi dé. Ọ̀nà òkè ló gbà wọlé ní àárọ̀ kùtùkùtù. Kí a tó sáré débẹ̀, ó ti tú apá kan ọgbà náà dànù, ilá, gbúre, ewùrà Ìyá Rẹ́mọ, gbogbo rẹ̀ ti dojú bolẹ̀. Akọ̀wé kánsù dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń yẹra fún ẹrẹ̀. Ìyá Rẹ́mọ rìn lọ síwájú irin yẹn, wọ́n tẹ́ ìró, wọ́n jókòó. Àwọn ìyàwó Mọ́gàjí lọ jókòó tì wọ́n. Awakọ̀ pa ẹ́ńjìnnì.

"Ẹ̀yin wo nìyí?" ni akọ̀wé ń pariwo. "Ẹgbẹ́ wo ni yín? Ìwé ìforúkọsílẹ̀ ẹgbẹ́ yín dà?"

"Ọmọ mi, a ò ní ẹgbẹ́," ni Ìyá Rẹ́mọ wí láti ilẹ̀. "Èyí onírùngbọ̀n yìí, Bàbá Mùíbà ni, ikọ́ ń ṣe é, èmi ni mò ń se àgbo fún un. Ìyẹn, olùkọ́ ni, kò mọ ebè kọ, ṣùgbọ́n ó ń kọ́ ọmọ gbogbo wa ní ìṣirò. Èyí tó ń wo ilẹ̀ yẹn, ọmọ mi ni, ọ́fíìsì ìjọba ló wà, ẹ̀rù yín ń bà á, ó sì wá. Àwọn wọ̀nyí, ìyàwó onílẹ̀ ni. Ṣé kí n máa kà á lọ? Ìwọ ńkọ́? Ta ló mọ̀ ọ́ níbí?"

Ẹ̀rín sọ nínú èrò. Mọ́gàjí wá sún síwájú. "Akọ̀wé, mo rán ọ níṣẹ́ igi, o jẹ́ iṣẹ́ ilé. Kánsù la fún nílẹ̀, a ò fún ọ̀rẹ́ rẹ. Bí katakata yìí bá tún tẹ̀ síwájú, kó gba orí mi." Akọ̀wé wo awakọ̀, awakọ̀ sì ń wo ojú ọ̀run. Nígbà tó ṣe, katakata fi ẹ̀yìn rìn padà. Ìgbìmọ̀ kánsù jókòó lórí ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn ìyẹn, Mọ́gàjí dé iwájú wọn, wọ́n sì fagi lé àṣẹ náà. Kò sí ẹni tó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wa. Mo kọ ìyẹn náà sílẹ̀ sínú ẹ̀sùn mi, kò sì tíì kúrò níbẹ̀.

Nítorí náà, bí ẹ bá wá bá mi pé "Bàbá, kánsù kò gbọ́," n kò ní kẹ́dùn pẹ̀lú yín. Ta lẹ jọ lọ? Ṣé ẹ mọ orúkọ rẹ̀? Tiwa náà kò kọ́kọ́ gbọ́. A dúró níbẹ̀ títí ó fi gbọ́.

Ìyá Rẹ́mọ kò padà sí Rẹ́mọ mọ́. Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, a ṣe ààrò tó tóbi jù, tiwa tàwọn ará Agbowó. A bá ilẹ̀ tí irin náà tú, ó rọ̀ bí ẹ̀kọ, ọkọ́ ń wọlé bí ọ̀bẹ. A gbin àgbàdo sí gbogbo rẹ̀. Irú àgbàdo bẹ́ẹ̀, n kò tíì rí i láti ìgbà náà! Nígbà tó gbó, Ìyá Rẹ́mọ ṣa èyí tó tóbi jù, wọ́n sè é, wọ́n fi ewé bò ó nínú apẹ̀rẹ̀, wọ́n ní kí Bàbá Tanwíjí gbé e lọ sórí tábìlì akọ̀wé kánsù.

Ó gbé e lọ. Akọ̀wé kò tilẹ̀ bi í pé níbo ló ti wá. Ó ya háhá, ó jẹ ọ̀kan, ó jẹ ìkejì, ó ń nu ẹnu. "Ó mà dùn o. Ta ló ro oko yìí?"

"Ẹ̀yin ni, sà," ni Bàbá Tanwíjí wí. "Katakata yín ló bá wa tú ilẹ̀ rẹ̀."